Lámilámi Atọ́miwò àti Àwọn Ọmọ Aláṣọ Ẹrẹ̀

Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀!

Háà, ṣé ohùn yín nìyẹn? Ẹ̀yin tí ẹ jẹ iyán yó ní ẹ̀ẹ̀kan! Ẹ jẹ́ kí n tún un pè. Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀ọ̀!

Ẹ̀n-ẹ́n, ó dáa báyìí. Dúródọlá, gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lórí ẹní mi. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, mo rí yín o. Ẹ má ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju àwọn ọmọdé lọ.

Àlọ́ mi fò pẹ́ẹ́. Kò bà sórí igi, kò bà sórí òrùlé. Orí omi ló bà sí, ó bà lé Lámilámi.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ẹranko àti kòkòrò ṣì ń kí ara wọn káàárọ̀, adágún omi kan wà ní ẹ̀bá igbó. Ìdí-Èèsún ni wọ́n ń pè é, nítorí pé koríko èèsún ló yí i ká. Ewé òṣíbàtà tẹ́ rẹrẹ sórí apá kan rẹ̀, òdòdó rẹ̀ funfun báláú. Omi ibẹ̀ tutù. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí àwọn odò kéékèèké bá gbẹ, Ìdí-Èèsún kì í gbẹ. Gbogbo ẹni tó ní ọ̀nà ọ̀fun nínú igbó yẹn, ibẹ̀ ló ti ń mu.

Ibẹ̀ ni Lámilámi ń gbé. Ẹ mọ lámilámi, àbí? Àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ máa ń lé kiri lẹ́yìn ilé yẹn. Ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Èyí tí mò ń sọ yìí tóbi. Bó bá na ìyẹ́, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ bo àtẹ́lẹwọ́ bàbá yín. Ojú rẹ̀ méjèèjì ló gba gbogbo orí rẹ̀, wọ́n ní àwọ̀ ewé. Àyà rẹ̀ jẹ́ búlúù, ìrù rẹ̀ pupa fòò. Ìyẹ́ mẹ́rin ló ní, gbogbo wọn mọ́ gaara. Tí oòrùn bá ta sí wọn, wọn a máa kọ yẹ̀rì. Ó sì mọ̀ pé òun lẹ́wà, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Bó bá ń fò lọ lórí omi, yóò máa wo òjìji ara rẹ̀ nísàlẹ̀, yóò ní, "Ta ló bí irú èyí?" Yóò sì dá ara rẹ̀ lóhùn pé, "Ìyá mi ni o jàre."

Báwo ló ṣe wá di ẹni ńlá? Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Bí a bá gbé omi fún àlejò nílé wa, kí la máa ń kọ́kọ́ ṣe? Ẹ̀n-hẹ́n, Ṣìjúwadé ti sọ ọ́. A ó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú àlejò, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Àwọn ẹranko náà mọ àṣà yìí. Ní ọdún kan, Ẹtu mu omi tán ní Ìdí-Èèsún, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé àgbálùmọ̀ tí kò pọ́n ló jẹ lọ́nà, ó jẹ ẹ́ ní àjẹkì. Ojú tì í láti sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní omi ni. Àyà gbogbo wọn já. Wọ́n pe ìpàdé, wọ́n ní ó di dandan kí ẹnì kan máa tọ́ omi náà wò ní àràárọ̀ kí àwọn tó fẹnu kàn án.

Ta ni yóò máa ṣe é? Wọ́n kọ́kọ́ pe Akàn. Akàn ní kò burú. Ó kọrí sí omi, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e gba ẹ̀gbẹ́ lọ, àárín igbó ló bá ara rẹ̀. Wọ́n pe Ìgbín. Ìgbín ní, "Mo ń bọ̀." Wọ́n dúró, dúró, dúró. Ìgbín ní, "Mo ń bọ̀ náà nìyí." Oòrùn dé àtàrí. Ìmàdò bínú, ó ní, "Kí Ìgbín tó dé etí omi, ọ̀fun wa á ti gbẹ bí awọ!"

Bí wọ́n ṣe ń jà sí i lọ́wọ́ ni Lámilámi fò dé, fẹẹ. Ó fi ìrù kan omi níhìn-ín, tó. Ó fi kan án lọ́hùn-ún, tó. Ó yí adágún po, ó bà sórí èèsún. Àwọn mìíràn kò tíì ṣẹ́jú. Ó ní, "Ẹ̀yin ará, omi dára. Ẹ mu!"

Bí wọ́n ṣe fi í jẹ oyè Atọ́miwò nìyẹn.

Oúnjẹ wà nínú oyè náà o. Àwọn ẹranko ní kò yẹ kí ó máa ṣe wàhálà lásán. Ẹnikẹ́ni tó bá wá mu omi gbọ́dọ̀ dúró jẹ́ẹ́, kí Lámilámi jẹ àwọn eṣinṣin tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Eṣinṣin ò sì wọ́n lẹ́yìn Ìmàdò. Ẹ mọ Ìmàdò, òun àti ìwẹ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́. Lámilámi jẹ, ó yó, ó gùnfẹ̀, ó tún jẹ.

Ó yẹ kí ẹni tó yó sinmi. Lámilámi ò sinmi, nǹkan kan ń dùn ún. Ọ̀pọ̀lọ́ ni. Ọ̀pọ̀lọ́ ò tọ́ omi wò, kò joyè kankan. Ó kàn gúnwà sórí ewé òṣíbàtà, ó dijú, bí eṣinṣin bá ti ń kọjá lọ, ahọ́n á yọ, pààá, ó ti wọlé. Lẹ́yìn náà á tún dijú.

Lámilámi ní, "Ẹ wo ọ̀rọ̀! Èmi ń ṣiṣẹ́, Ọ̀pọ̀lọ́ ń jẹun. Ọ̀pọ̀lọ́ tí awọ rẹ̀ rí bí èèpo iṣu!" Kì í ṣe Ọ̀pọ̀lọ́ nìkan ló ń bí i nínú. Aláǹgbá ń ṣọdẹ létí omi. Pẹ́pẹ́yẹ àtàwọn ọmọ rẹ̀ ń ṣa kòkòrò jẹ. Gbogbo ohun tó bá wọ ẹnu ẹlòmíràn, ó dà bí ẹni pé ẹnu tirẹ̀ ni wọ́n ti yọ ọ́.

Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Ó ní, "Bí gbogbo wọn bá kó lọ, ta ni yóò ṣẹ́kù? Èmi. Ta ni yóò ni eṣinṣin? Èmi. Ta ni yóò ni ẹ̀fọn ìrọ̀lẹ́? Èmi náà ni!" Inú rẹ̀ dùn, ó yí po nínú afẹ́fẹ́. Ẹ ò rí i bó ṣe lóye tó?

Ilẹ̀ mọ́. Ẹ̀ẹ̀rùn ti mú, ilẹ̀ ti sán. Gbogbo wọn ti tò sétí omi, òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, wọ́n ń dúró de Atọ́miwò. Lámilámi fò jáde. Ó fi ìrù kan omi, tó. Àfi bó ṣe fò sókè, "Yéè! Yéè! Ìrù mi o! Ẹ gbà mí o!"

Ẹtu sáré síwájú. Ó lóyún lákòókò náà, oyún ti wọ oṣù rẹ̀. Ó ní, "Kí ló dé, Bàbá Atọ́miwò?"

"Ẹ sún sẹ́yìn! Ẹ sún sẹ́yìn, mo ní! Omi ti bàjẹ́. Ó korò ju ewúro lọ, ó sì ń ta bí ata. Ẹni tó bá fẹ́ mu ún, kó kọ́kọ́ lọ dágbére nílé."

Ọ̀pọ̀lọ́ la ojú kan. Ó ní, "Inú omi yìí kan náà ni mo sùn mọ́jú. Kò ṣe mí ní nǹkan kan."

Lámilámi wò ó tìyanu-tìyanu. Ó ní, "Kò ṣe ọ́ ní nǹkan kan? Ọ̀pọ̀lọ́, wo ara rẹ. Gbogbo kókó tó wà lẹ́yìn rẹ yẹn, ibo lo rò pé ó ti wá?"

Ọ̀pọ̀lọ́ wo ẹ̀yìn ara rẹ̀. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn o! Bí ìyá rẹ̀ ṣe rí nìyẹn, bí bàbá rẹ̀ àgbà ṣe rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rù bá ti wọ inú ènìyàn, ara tó ti ń gbé láti ọjọ́ yìí á ṣàjèjì sí i. Ọ̀pọ̀lọ́ lọgun, "Mo gbé o! Ó ti mú mi!" Ó ta gìrì, ó fò lulẹ̀, ó sá lọ.

Nígbà tí Ọ̀pọ̀lọ́ olómi sá, ta ni yóò dúró? Pẹ́pẹ́yẹ kó ọmọ rẹ̀. Aláǹgbá ká ìrù. Ìmàdò kùn títí ó fi lọ. Ẹtu di ikùn rẹ̀ mú, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, ó tẹ̀ lé wọn. Wọ́n gba ọ̀nà odò ẹ̀yìn òkè lọ, odò tó jẹ́ pé kí ènìyàn tó débẹ̀, òùngbẹ mìíràn á ti gbẹ ẹ́. Ìgbín náà gbéra. Ó ní, "Ẹ dúró dè mí, mo ń bọ̀." Kò sẹ́ni tó dúró.

Ó ku Lámilámi nìkan. Ó jó. Ó bà sórí èèsún, ó bà sórí òṣíbàtà, ó jókòó síbi tí Ọ̀pọ̀lọ́ máa ń jókòó, ó dijú bí Ọ̀pọ̀lọ́. Lẹ́yìn náà ó ní kí òun jẹun. Ó wo ọ̀tún, kò rí eṣinṣin. Ó wo òsì, kò rí eṣinṣin. Ó yí adágún po títí ìyẹ́ fi ń ro ó. Eṣinṣin tó wà lẹ́yìn Ìmàdò, ẹ̀yìn Ìmàdò náà ló bá lọ. Àwọn ẹ̀fọn náà ti gbọ́ òórùn ẹ̀jẹ̀, wọ́n ti tẹ̀ lé Ẹtu. Ta ní fẹ́ dúró ti omi lásán? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní wọ́n á padà wá. Nígbà tí oòrùn gòkè, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ebi ń pa á, inú ń bí i, ó wo ìsàlẹ̀ omi. Ní ìdí èèsún, nínú ẹrẹ̀, ó rí àwọn nǹkan kan tí ń rìn. Wọ́n rí pọ́tọ́pọ́tọ́, àwọ̀ wọn kò yàtọ̀ sí ẹrẹ̀, orí wọn gbẹ̀ǹgbẹ̀. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n ní, "Ẹ káàsán o, bàbá."

Ó ní, "Ta ni bàbá yín? Ẹ̀yin aláṣọ ẹrẹ̀ wọ̀nyí! Ẹ jáde kúrò nínú omi mi, ẹ̀ ń ba ẹwà rẹ̀ jẹ́."

Àwọn ọmọ náà wo ara wọn. Wọ́n rọra wọ inú ẹrẹ̀ padà. Ọmọ tí a kọ́ dáadáa ni wọ́n.

Ní àkókò yìí, Àwẹ̀ró ń bọ̀ lọ́nà. Àwẹ̀ró ni ìyàwó Lámilámi. Ara rẹ̀ kò tàn bíi ti ọkọ rẹ̀, àwọ̀ ìyeyè rírọ̀ ló ní. Ó ti lọ tọ́jú ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn ní àbàtà kejì, ara ìyá ti yá, ó ń padà bọ̀ wálé. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé, ó rí Ìgbín ní ìdí èèsún. Láti òwúrọ̀ tí Ìgbín ti gbéra ìrìn àjò, ibẹ̀ ló dé.

Àwẹ̀ró ní, "Ẹ kú ìrìn o, Bàbá Ìgbín. Ibo lẹ̀ ń sáré lọ?"

Ìgbín ní, "Ọmọ mi, mò ń sá fún ikú ni. Omi ti bàjẹ́. Ọkọ rẹ ló tọ́ ọ wò, ó ké bí ẹni tí iná jó. Gbogbo ayé ti lọ tán."

Àwẹ̀ró kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó fi igbe ta, ó fò lọ bá ọkọ rẹ̀. "Bàbá wọn! Bàbá wọn! Ṣé òótọ́ lohun tí mo gbọ́? Àwọn ọmọ wa ńkọ́?"

Lámilámi ní, "Ọmọ wo?"

"Ọmọ wo kẹ̀! Àwọn tí mo yé sí ìdí èèsún nígbà òjò! Mo sọ fún ọ lọ́jọ́ náà, o ní o ti gbọ́. Háà! Òjìji ara rẹ lò ń wò nígbà tí mò ń sọ̀rọ̀."

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ má rẹ́rìn-ín jù. Mo mọ̀ pé ẹ ní tiyín láti sọ.

Àwẹ̀ró kò dúró kí ọkọ rẹ̀ fèsì. Ó ti ń fò sókè sódò lórí omi, ó ń fi orin pe àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ bá mi gbè é, "wẹ́rẹ́ńdẹ̀" lẹ ó máa dá lóhùn:

Ẹ̀yin ọmọ mi abẹ́ omi,
*Wẹ́rẹ́ńdẹ̀.*
Omi tí mo fi yín sí ti korò,
*Wẹ́rẹ́ńdẹ̀.*
Àgbà tọ́ ọ wò, àgbà figbe ta,
*Wẹ́rẹ́ńdẹ̀.*
Ẹ gun èèsún kí ẹ máa bọ̀,
*Wẹ́rẹ́ńdẹ̀.*
Ojú mi kò ní í rí òfò yín,
*Wẹ́rẹ́ńdẹ̀, ẹ máa bọ̀ o.*

Omi mì. Orí kan yọ, orí mìíràn yọ, wọ́n pọ̀. Àwọn aláṣọ ẹrẹ̀ ni. Ẹnu Lámilámi ò lè padé mọ́.

Ó ní, "Àwẹ̀ró. Àwọn wọ̀nyí?"

"Àwọn wọ̀nyí ni. Kí lò ń wò? Ìwọ náà wọ irú aṣọ yìí rí. Gbogbo wa la wọ̀ ọ́. Ó dìgbà tí ìyẹ́ bá hù tán lábẹ́ rẹ̀ kí ọmọ tó gun èèsún, kó bọ́ ọ sílẹ̀, kó fò."

Lámilámi sún mọ́ wọn. Ó wo èyí tó kéré jù lójú. Ojú náà tóbi, ó ń tàn díẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó fi díẹ̀ jọ àwọ̀ ewé. Ojú tirẹ̀ gan-an ni. Ìfẹ́ ọmọ wọ̀ ọ́ lára lójijì. Ó rántí èébú tó bú wọn ní ẹ̀ẹ̀kan, ojú tì í.

Àgbà inú àwọn ọmọ náà ní, "Ìyá, omi yìí kò ṣe wá ní nǹkan kan."

Àwẹ̀ró ní, "Ẹ dákẹ́. Kì í ṣe gbogbo májèlé ló ń pa ènìyàn lójú ẹsẹ̀." Ó kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Ìwọ ni Atọ́miwò. Wò mí lójú kí o sọ fún mi. Ṣé omi yìí bàjẹ́?"

Ẹ wò ó, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Bó bá ní "rárá," ó parí. Ṣùgbọ́n Lámilámi gbójú sókè, ó rí Ìgbín tó na ìwo méjèèjì, tó ń gbọ́. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, "Bí mo bá sọ òótọ́, Àwẹ̀ró á gbọ́, Ìgbín á gbọ́, kí ilẹ̀ tó ṣú gbogbo igbó á ti gbọ́. Oyè mi lọ nìyẹn." Ó wúkọ́. Ó ní, "Ó bàjẹ́... díẹ̀."

"Díẹ̀ kẹ̀! Ṣé májèlé náà ní díẹ̀? Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jáde! Gbogbo yín!"

"Ìyá, ìyẹ́ wa ò tíì hù tán."

"Kí ẹ wà láàyè láìníyẹ̀ẹ́ ló tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ gùn ún!"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gun èèsún. Èyí tó kéré jù ló ṣíwájú. Oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn bà lé wọn lẹ́yìn. Ẹ̀yin mọ oòrùn yẹn, òun ló ń sán ilẹ̀. Ẹ̀yìn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, aṣọ ẹrẹ̀ fún un pinpin, kò lè mí dáadáa. Ó gùn díẹ̀, ó dúró, ó ní, "Ìyá, ó ń gbóná." Lórí igi òdìkejì, Lékeléke tó ń tòògbé na ọrùn. Ó rí ohun tí ń rìn lórí èèsún. Ó pọ́n ẹnu rẹ̀ mọ́ ẹ̀ka igi, ó rọra ṣí apá.

Lámilámi rí i. Oyè kúrò lọ́kàn rẹ̀, eṣinṣin kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó pariwo, "Ẹ padà! Àwẹ̀ró, dá wọn padà! Omi dára! Kò sí nǹkan tó ṣe é!"

Àwẹ̀ró ń sunkún. Ó ní, "Àánú wọn ló ń ṣe ọ́ tí o fi ń sọ bẹ́ẹ̀. O ò fẹ́ kí n sunkún."

"Mo ní omi dára!"

"Ní àárọ̀ o ní kò dára. Ní ẹ̀ẹ̀kan o ní ó bàjẹ́ díẹ̀. Èwo ni ká mú?"

Ó fò lọ bá Ìgbín. "Bàbá Ìgbín, ẹ bá mi sọ fún un, ẹ jọ̀ọ́!"

Ìgbín ní, "Kí ni kí n sọ? Èmi kò tọ́ ọ wò. Ẹnu rẹ ni mo ti gbọ́."

Ó padà, ó fi ìrù kan omi, tó, tó, tó. "Wò ó! Mo tọ́ ọ wò! Ó dùn!"

Àwẹ̀ró ní, "Ìrù yẹn náà lo fi tọ́ ọ wò tí o fi ké."

Lékeléke ti gbéra. Ọ̀rọ̀ ò wúlò mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín kí ẹ tó gbọ́ èyí tó kàn: lámilámi kì í lúwẹ̀ẹ́. Gbogbo ayé rẹ̀, ìrù nìkan ló fi ń kan omi. Bí omi bá kó sí i ní ìyẹ́, ó tán. Lámilámi mọ̀. Ó gòkè, ó pa ìyẹ́ rẹ̀ ẹlẹ́wà pọ̀, ó sì forí sọ omi, gbàmù!

Ó mu ún. Ó mu ún títí ikùn rẹ̀ fi wú. Ó yọ orí jáde, ó ní, "Mo mu ún, Àwẹ̀ró! Ṣé mo kú? Irọ́ ni mo pa! Nítorí eṣinṣin ni mo ṣe pa á! Irọ́ ni, irọ́ ni, irọ́ ni!" Ìgbà tó máa tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, omi ti fa ìyẹ́ rẹ̀ wálẹ̀, orí rẹ̀ rì.

Àwẹ̀ró ké, "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bọ́ sómi!"

Wọ́n já bọ́ láti orí èèsún, tó, tó, tó, tó. Ẹnu Lékeléke dé, káú! Èèsún ló bù jẹ. Ó tutọ́, ó bínú lọ. Nínú omi, àwọn ọmọ rí bàbá tó ń rì bọ̀ wálẹ̀. Bàbá tó lé wọn níwọ̀n ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn náà ni. Wọn ò bi ara wọn léèrè bóyá ó yẹ. Wọ́n kó orí sí i nísàlẹ̀, wọ́n tì í, wọ́n ń tì í lọ sókè, títí wọ́n fi gbé e gun orí ewé òṣíbàtà. Ó dùbúlẹ̀ gbalaja síbẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ewé, omi ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

Àwẹ̀ró fò gba ẹ̀yìn òkè lọ, ó pe gbogbo wọn padà. Kí oòrùn tó rọ̀, wọ́n ti dé. Wọ́n kọ́kọ́ mu omi ná. Wọ́n mu, wọ́n mí, wọ́n tún mu. Ìgbà tí ọ̀fun wọn tutù ni inú wọn wá ráyè gbóná.

Ìmàdò ní kí wọ́n jẹ́ kí òun tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Ọ̀pọ̀lọ́ fò sórí ewé, ó jókòó ti Lámilámi, ó wò ó láti orí dé ìrù. Ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, ẹ má wulẹ̀ ṣe ìyọnu púpọ̀. Ẹ kàn ní kí n yọ ahọ́n. Ó ní kókó ẹ̀yìn mi jẹ́ àrùn! Mo fi ewé ra ẹ̀yìn mi lọ́nà títí ó fi bó!"

Lámilámi ò lè fò, kò lè sá. Ó ní, "Ẹ forí jì mí. Ojúkòkòrò ló ṣe mí."

Ẹtu jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Gbogbo wọn rò pé òun ni yóò bínú jù. Ó ní, "Ẹ má pa á o. Nǹkan bẹ́ẹ̀ a máa bọ́ lẹ́nu ènìyàn." Ó yára gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò sọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, àwa tí a mọ̀ náà kò ní í sọ.

Àwọn ọmọ aláṣọ ẹrẹ̀ yọ orí yí ewé náà ká. Èyí tó kéré jù ní, "Bàbá Ọ̀pọ̀lọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé e mì. Àwa la ni ín."

Ọ̀pọ̀lọ́ wo ọmọ náà. Ó wo Lámilámi. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé, lẹ́yìn náà ó ní, "Ọmọ yìí gbọ́n ju bàbá rẹ̀ lọ." Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín, inú wọn sì rọ̀.

Ìdájọ́ wọn kò gùn. Wọ́n gba oyè Atọ́miwò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi Ìgbín jẹ ẹ́. Wọ́n ní òótọ́ ni pé àwọn á máa dúró pẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń pẹ́ kó tó débẹ̀ sàn ju ẹni tó ń yára purọ́. Wọ́n ní Lámilámi ò gbọdọ̀ jẹ eṣinṣin lẹ́yìn ẹnikẹ́ni mọ́. Kó máa lépa oúnjẹ rẹ̀ fúnra rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n sì ní títí ìyẹ́ àwọn ọmọ rẹ̀ yóò fi hù, orí èèsún ni kó máa gbé, kó máa ṣọ́ wọn lọ́wọ́ Lékeléke.

Ìyẹ́ rẹ̀ gbẹ, ó sì ṣe é. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó ṣọ́ wọn tọkàntọkàn. Bí Lékeléke bá ti na ọrùn, Lámilámi á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo kiri. Kò ráyè wo òjìji mọ́.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ kan, èyí tó kéré jù gun èèsún, ó di í mú, aṣọ ẹrẹ̀ là ní ẹ̀yìn rẹ̀. Ó fa orí yọ, ó fa àyà yọ, ó fa ìyẹ́ yọ. Yéè! Ojú rẹ̀ tàn, àyà rẹ̀ búlúù ju ti bàbá rẹ̀ lọ, ìrù rẹ̀ pọ́n ju ti bàbá rẹ̀ lọ. Àwọn ẹranko tó wá mu omi ya ẹnu sílẹ̀. Lámilámi ò lè pa á mọ́ra. Ó wú, ó na ìyẹ́, ó fò wá síwájú ọmọ náà, ó ní, "Ọmọ mi, káàbọ̀ o! Wo ẹ̀dá tó lẹ́wà! Ṣé o mọ̀ mí? Èmi ni Lámilámi, ẹlẹ́wà Ìdí-Èèsún, èmi ni..."

Ọmọ náà ní, "Mo mọ̀ yín, bàbá. Ẹ̀yin lẹ wúwo lọ́jọ́ yẹn."

Ẹ̀rín pa Ìmàdò títí ó fi jókòó sínú omi. Ọ̀pọ̀lọ́ fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú. Lámilámi wo ilẹ̀, ó wo Àwẹ̀ró, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí èèsún, ó sì fi àyè sílẹ̀ kí ọmọ náà lè sá ìyẹ́ rẹ̀ sí oòrùn.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó bá fẹ́ ba omi tí gbogbo ayé ń mu lórúkọ jẹ́, kó kọ́kọ́ bèèrè ibi tí ọmọ tirẹ̀ wà. Ẹni tí ìlú bá sì fi ṣe olùtọ́wò, kó mọ̀ pé ẹnu òun kì í ṣe ti òun nìkan mọ́. Ọjọ́ tó bá purọ́, bó tilẹ̀ padà sọ òótọ́, àfi kó mu ún kí wọ́n tó gbà á gbọ́. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ má fi ẹni tó wọ aṣọ ẹrẹ̀ ṣẹ̀sín. Ẹ̀yin àgbà ìdí ògiri, mo rí i pé ẹ ti dákẹ́. Ó yẹ kí ẹ dákẹ́. Ó yá, ẹni tó jókòó nítòsí ìkòkò, bu omi wá fún mi, ọ̀fun mi ti gbẹ. Kí o sì kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.